Bí Ẹ Ṣe Lè Lo Ọjọ́ Àkọ́kọ́ Yín ní Mumbai

Mumbai kì í ṣe ìlú tí àlejò lè rìn tán lọ́jọ́ kan, ẹni tó bá sì gbìyànjú rẹ̀ yóò lo wákàtí púpọ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ju èyí tó fi rí nǹkan lọ. Ìkànìyàn tí wọ́n ṣe ní Íńdíà lọ́dún 2011 fi hàn pé ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 12 ló ń gbé inú ìlú náà, láì tíì ka àwọn ìlú mìíràn tó so mọ́ ọn. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi ọjọ́ àkọ́kọ́ mọ sí ìpẹ̀kun gúúsù, láti ibùdókọ̀ ojú irin ńlá tí wọ́n ń pè ní CSMT títí dé etí òkun ní Marine Drive. Ẹ fi ẹsẹ̀ rin èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, kí ẹ sì máa ṣàkíyèsí ọ̀nà tí èrò ìlú náà ń gbà lọ àti èyí tí wọ́n ń gbà bọ̀. Bí ẹ bá ti mọ èyí lọ́jọ́ kan, kò ní í ṣòro fún yín láti dá rìn lọ́jọ́ kejì.

Bí ilẹ̀ náà ṣe rí ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Mumbai jẹ́ ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn láti àríwá wá sí gúúsù, tí Òkun Arabia sì wà ní apá ìwọ̀ oòrùn rẹ̀. Erékùṣù méje ló jẹ́ nígbà kan rí. Ọwọ́ àwọn Potogí ló wà kí wọ́n tó fi í ṣe ara ẹrù ìyàwó Catherine, ọmọ ọba wọn, nínú àdéhùn ìgbéyàwó tí wọ́n bá Ọba Charles Kejì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1661. Ọba náà sì fi yá àwọn oníṣòwò East India Company ní ọdún 1668. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń da ilẹ̀ dí omi tó wà láàárín àwọn erékùṣù náà títí gbogbo wọn fi di ọ̀kan. Ibi tí ìtàn yìí ti kan àlejò ni pé ìpẹ̀kun gúúsù ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ilé ẹjọ́, báńkì àti ọ́fíìsì wọn sí, nígbà tí ibùgbé àwọn ènìyàn ń fẹ̀ lọ sí àríwá. Títí di òní, ọkọ̀ ojú irin ni òpómúléró ìlú náà: ó ń kó ọ̀kẹ́ àìmọye òṣìṣẹ́ wá sí gúúsù láàárọ̀, ó sì ń kó wọn padà sí àríwá nírọ̀lẹ́. Bí ẹ bá wọkọ̀ lọ sí gúúsù láàárín agogo mẹ́jọ sí mọ́kànlá àárọ̀, tàbí lọ sí àríwá láàárín agogo márùn-ún sí mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ ti kó sáàárín èrò tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rí ibi gbé ẹsẹ̀ lé. Ẹni tó bá ń lọ sí òdìkejì lákòókò kan náà a máa rí àyè jókòó.

Nítorí náà, ibi tí ẹ ó sùn ṣe pàtàkì ju bí yàrá náà ṣe dára tó lọ. Ẹ wá ilé ìtura sí àdúgbò Colaba tàbí Fort ní gúúsù. Yàrá ibẹ̀ kì í fẹ̀, owó rẹ̀ sì sábà máa ń ga ju ti Andheri tó wà nítòsí pápákọ̀ òfurufú lọ, ṣùgbọ́n owó tí ẹ bá rò pé ẹ rí fi pamọ́ ní Andheri, àwọn onítakisí ni yóò gbà á, nítorí ọ̀nà náà tó nǹkan bíi kìlómítà 25. Kí ẹ tó sanwó yàrá, ẹ béèrè ní tààrà bóyá wọ́n ń gba àlejò ilẹ̀ òkèèrè. Òfin Íńdíà sọ pé ilé ìtura tó bá gba àjèjì gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba láàárín wákàtí 24, lórí fọ́ọ̀mù kan. Àwọn ilé ìtura kéékèèké tí kò fẹ́ wàhálà yìí a sì máa dá àlejò padà lẹ́nu ọ̀nà, ì báà jẹ́ pé ó ti sanwó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lóru pẹ̀lú àpótí lọ́wọ́.

Ohun tí ẹ ó pèsè sílẹ̀ kí ẹ tó gbéra

Ẹni tó bá ń ti Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀ tàbí Tógò bọ̀ gbọ́dọ̀ mú yẹ́lò káàdì dání, èyí tó fi hàn pé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Ẹni tí kò bá ní in, tàbí tó gba abẹ́rẹ́ náà ṣùgbọ́n tí ọjọ́ mẹ́wàá kò tíì pé lórí rẹ̀, ni wọ́n lè yà sọ́tọ̀ fún ọjọ́ tó tó mẹ́fà. Òfin yìí kò mọ páásípọ́ọ̀tù: ọmọ Yorùbá tó jẹ́ ará ìlú Lọ́ńdọ́nù, tó yà kí àwọn òbí rẹ̀ ní Ìbàdàn kó tó gba Íńdíà lọ láàárín ọjọ́ mẹ́fà, wà lábẹ́ rẹ̀ bákan náà. Ẹ tọ́jú káàdì náà pọ̀ mọ́ páásípọ́ọ̀tù yín, kì í ṣe sínú àpótí tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀. Ẹ kọ àdírẹ́sì ilé ìtura yín àti nọ́ńbà fóònù ibẹ̀ sórí ìwé pẹ̀lú, nítorí wọn yóò béèrè rẹ̀ kí ẹ tó wọlé.

Agogo Íńdíà fi wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ ṣáájú ti Nàìjíríà. Nígbà tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ní Ìbàdàn, tí agogo méje sì ń lù, agogo mọ́kànlá àbọ̀ ti lù ní Mumbai. Èyí kò burú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí ẹ kò bá ti sùn lọ́sàn-án. Ti iná mànàmáná náà rọrùn: agbára rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Nàìjíríà, àmọ́ irin róbótó ni ihò iná ibẹ̀ ń gbà, nítorí náà ẹni tí ẹnu ṣájà rẹ̀ jẹ́ onírin pẹlẹbẹ mẹ́ta yóò nílò adáptọ̀.

Ọ̀rọ̀ owó gba àlàyé díẹ̀. Rúpí ni wọ́n ń ná, ibẹ̀ gan-an sì ni kí ẹ ti pààrọ̀ owó. Ẹ pààrọ̀ ìwọ̀nba tí ẹ ó fi dé ilé ìtura ní pápákọ̀ òfurufú, kí ẹ sì gba ìyókù nídìí ẹ̀rọ ATM báńkì nínú ìlú. Ẹ bẹ ẹni tó ń ka owó fún yín kó fi rúpí 10, 20, 50 àti 100 kún un, nítorí ẹni tó ń ta oúnjẹ rúpí 20 kò ní í rí ṣéńjì rúpí 500 fún yín. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fún yín ní rúpí 2,000, ẹ má gbà á, torí ìjọba ti kó o kúrò nílẹ̀ láti ọdún 2023. Ẹ ó rí i pé ẹni tó ń ta tíì pàápàá lẹ àmì QR mọ́ ara kẹ̀kẹ́ rẹ̀, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ń fi fóònù sanwó tíì kan ṣoṣo. Báńkì ilẹ̀ Íńdíà ni ètò yẹn so mọ́, kò sì yẹ kí àlejò fi ọkàn tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ rọra mú owó lọ́wọ́.

Síìmù wọn kì í jáde kíákíá. Wọn yóò gba ẹ̀dà páásípọ́ọ̀tù àti fọ́tò yín, ó sì lè tó wákàtí mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ ti ilé gba máàpù ìlú náà sórí fóònù, kó lè ṣiṣẹ́ láìsí dátà.

Láti pápákọ̀ òfurufú dé gúúsù

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́ ni takisí tí a ń san owó rẹ̀ ṣáájú ní ẹnu kántà inú pápákọ̀ òfurufú. Ẹ ó gba ìwé tí wọ́n kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sí, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ fún awakọ̀ ní ìwé náà títí ẹ ó fi dé ibi tí ẹ ń lọ. Èkejì ni ọkọ̀ tí a ń fi fóònù pè. Ẹ̀kẹta ṣì tuntun: láti oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Metro Line 3 ti ń lọ láti pápákọ̀ òfurufú tààrà dé Cuffe Parade ní ìpẹ̀kun gúúsù, ó sì ń dúró ní CSMT, Hutatma Chowk àti Churchgate. Bí ẹ bá balẹ̀ ní ọ̀sán, tí ẹrù yín kò sì pọ̀, èyí ni mo fọwọ́ sí jù, nítorí kò mọ ohun tó ń jẹ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Kì í ṣiṣẹ́ mọ́júmọ́, nítorí náà ẹni tó bá balẹ̀ lóru, takisí ni kó wá.

Àwọn kan yóò rí kẹ̀kẹ́ Márúwá tó tò lọ bẹẹrẹ lẹ́yìn pápákọ̀ òfurufú, ọkàn wọn yóò sì fà sí i. Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀ fún ọ̀nà kúkúrú ní àríwá. Ó ṣe tán, ilé iṣẹ́ Bajaj tó ń ṣe púpọ̀ nínú èyí tí a ń gùn ní Èkó, ní Pune tí kò jìnnà sí Mumbai ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n òfin kò jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ wọ gúúsù ìlú rárá. Ní àgbègbè Bandra àti Sion ni yóò ti já yín sílẹ̀, ẹ ó sì tún wá takisí níbẹ̀.

Bí ẹ bá ti gbé ẹrù sílẹ̀, tí ẹ wẹ̀, tí ẹ sì wọ bàtà tó rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn, ẹ ṣọ́ra fún ohun kan kí ẹ tó jáde. Ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń gbà ní Íńdíà. Ẹni tó ti Lọ́ńdọ́nù wá ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó ti Èkó tàbí Kùtọnu wá yóò máa wo apá òsì kó tó sọdá, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀tún ni ọkọ̀ yóò ti yọ sí i. Ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì, ẹ tún wo ọ̀tún, nítorí ọ̀kadà kì í ka òfin ọwọ́ òsì yẹn sí. Ọ̀nà tó dára jù láti kọ́ bí a ṣe ń sọdá ni kí ẹ bá ará ìlú kan sọdá, pàápàá ìyá àgbà tó gbé àpò ọjà lọ́wọ́. Kò ní í sáré, kò sì ní í dúró láàárín títì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò máa lọ bákan náà títí yóò fi dé òdìkejì, àwọn ọkọ̀ yóò sì máa yà fún un. Ẹni tó bá sáré ló ń da awakọ̀ rú.

Àárọ̀: CSMT títí dé Churchgate

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní CSMT ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án àbọ̀. Ọdún 1878 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, F. W. Stevens ló ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ Ọbabìnrin Victoria ní ọdún 1887. Ní 1996 ni wọ́n yí orúkọ náà padà sí ti Shivaji, ọba àwọn Maratha, ṣùgbọ́n ẹ ó ṣì máa gbọ́ VT, ìyẹn Victoria Terminus, lẹ́nu àwọn onítakisí tó ti dàgbà. UNESCO fi ilé náà kún ohun ìní aráyé ní ọdún 2004. Ẹ dúró sí òdìkejì títì kí ẹ tó wọlé: ẹ wo kìnnìún àti ẹkùn òkúta tó jókòó sórí òpó ẹnu ọ̀nà, kìnnìún dúró fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹkùn fún Íńdíà. Ẹ wo àwọn orí ẹranko àti ẹyẹ tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri títí dé òkè. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wọ inú gbọ̀ngàn tí ọkọ̀ ìlú ti ń dé, kí ẹ fara ti ògiri, kí ẹ sì wo bí ọkọ̀ kan ṣe ń wọlé. Kò ní í tíì dúró tán tí àwọn ọkùnrin yóò ti máa bọ́ sílẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú kan, pèpéle tó kún fọ́fọ́ yóò tún ṣófo. Ibí yìí ni ẹ ó ti rí i fúnra yín pé ìhà gúúsù ni gbogbo ayé ń wá láàárọ̀. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tó yẹ kí ẹ mọ̀: CSMT wà lára àwọn ibi tí àwọn agbébọn kọ lù ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, pẹ̀lú hòtẹ́ẹ̀lì Taj Mahal. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ àpò wò ní ẹnu ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì, mùsíọ́ọ̀mù àti ibùdókọ̀ abẹ́ ilẹ̀. Gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń yẹ̀ wò, ẹ má ṣe kà á sí àbùkù.

Láti CSMT, ẹ rìn sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà D. N. Road, lábẹ́ àwọn ilé tó na òrùlé bo ẹ̀gbẹ́ títì. Òjìji wà níbẹ̀, àwọn ọlọ́jà sì tẹ́ ọjà sílẹ̀ lọ bẹẹrẹ: ìgò ojú, ìwé àtijọ́, ẹ̀yìn fóònù. Ẹ wò ó, ẹ má tíì rà á. Ọ̀nà náà yóò gbé yín dé Flora Fountain, orísun omi òkúta tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1864. Níbẹ̀ ni kí ẹ ti yà sí ọ̀tún sí Veer Nariman Road, tí yóò gba ẹ̀gbẹ́ pápá Oval Maidan dé Churchgate. Bó bá jẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ ó bá ẹgbẹ́ eléré kíríkẹ́ẹ̀tì tí kò lóǹkà nínú pápá yẹn, tí bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ kan ń wọ àárín ẹgbẹ́ kejì, tí kò sì sí ẹni tó dà á rú mọ́ lójú. Ní ìlà oòrùn pápá náà ni ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1857 wà, pẹ̀lú ilé agogo Rajabai. Ní ìwọ̀ oòrùn ni àwọn ilé aláràbarà tí wọ́n kọ́ ní bí ọdún 1930 sí 1940 wà. Pápá kan ṣoṣo ló wà láàárín àṣà ìkọ́lé méjèèjì, wọ́n sì jùmọ̀ wọ inú ìwé UNESCO ní ọdún 2018.

Ẹ rí i pé ẹ wà níwájú ibùdókọ̀ Churchgate kí agogo mọ́kànlá àbọ̀ tó lù, bí kì í bá ṣe ọjọ́ Àìkú. Àwọn ọkùnrin tó dé fìlà funfun yóò máa jáde nínú ibùdókọ̀, tí wọ́n ru àgbá pákó gbọọrọ lórí, abọ́ oúnjẹ onídèérí ló kún inú rẹ̀. Dabbawala ni wọ́n ń pè wọ́n. Láti ọdún 1890 ni iṣẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀: wọn a gba oúnjẹ ọ̀sán ní ilé òṣìṣẹ́, wọn a gbé e bá a ní ọ́fíìsì, wọn a sì dá abọ́ òfìfo padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Kí àrùn Kòrónà tó dé, àwọn bí 5,000 ló ń gbé abọ́ tó ń lọ sí 200,000 lójúmọ́. Bí wọ́n bá sọ àgbá kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì, ẹ sún mọ́ wọn díẹ̀ kí ẹ wo orí ìdérí abọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dà ni wọ́n fi kọ lẹ́tà àti nọ́ńbà sí i: ibùdókọ̀ tó ti wá, ibi tó ń lọ, ilé tí wọ́n ń gbé e lọ àti àjà tí ẹni tó ni ín wà. Ẹnì kan yóò yọ abọ́ rẹ̀ lára ẹgbẹ́ àgbá yìí, yóò gbé e sórí kẹ̀kẹ́, kò sì ní í wo ìdérí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ kúrò lójú ọ̀nà fún wọn. Aago ni wọ́n ń lé.

Ọ̀sán: bí a ṣe ń wọ ọkọ̀ ojú irin

Ọkọ̀ ojú irin Mumbai ń ba ọ̀pọ̀ àlejò lẹ́rù, ẹ̀rù náà sì tọ́ bó bá jẹ́ agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ni. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sán gangan sí agogo mẹ́rin, ọmọdé pàápàá lè wọ̀ ọ́. Churchgate ni ìbẹ̀rẹ̀ ìlà ìwọ̀ oòrùn, ọkọ̀ ibẹ̀ sì sábà máa ń ní àyè. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ lọ sí Mahalaxmi. Rúpí 5 ni owó tíkẹ́ẹ̀tì kíláàsì kejì ti bẹ̀rẹ̀. Lórí pátákó tó ń tan iná lókè pèpéle, ẹ ó rí ibi tí ọkọ̀ ń lọ, àkókò rẹ̀, àti lẹ́tà S tàbí F. S ni kí ẹ wọ̀, òun ló ń dúró ní gbogbo ibùdókọ̀. F yóò sáré kọjá Mahalaxmi láì wo ẹ̀yìn. Àwọn obìnrin ní yàrá tiwọn nínú ọkọ̀, wọ́n ya àwòrán obìnrin sí ara rẹ̀, ọkùnrin tó bá wọ̀ ọ́ yóò sì san owó ìtanràn. Yàrá àwọn aláìlera náà wà lọ́tọ̀. Ilẹ̀kùn kì í tì nínú ọkọ̀ tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, nítorí náà ẹ má dúró sí ẹnu ọ̀nà bí àwọn géńdé ibẹ̀ ṣe ń dúró; ọmọ ìlú ni wọ́n, ikú sì ń pa lára wọn. Ọkọ̀ kì í dúró tó ìṣẹ́jú kan, ẹ dìde nígbà tí ẹ bá kọjá Mumbai Central. Bó bá jẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ fi èyí sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn, nítorí ọjọ́ náà ni wọ́n sábà máa ń tún irin ṣe.

Ohun tí ẹ lọ wò ní Mahalaxmi ni Dhobi Ghat, ibi tí àwọn alágbàfọ̀ ti ń fọ aṣọ ìlú nínú ọ̀kẹ́ àìmọye kòtò sìmẹ́ǹtì. Orí afárá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ni kí ẹ ti wò ó, kò pọn dandan kí ẹ sanwó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun yóò mú yín wọlé. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó.

Nígbà tí ẹ bá ń padà, ẹ sọ̀ ní Marine Lines kí ẹ lọ jẹun. Kyani & Co. wà nítòsí ibẹ̀, ilé oúnjẹ tí àwọn ará Ìráànì tó ṣí wá sí Mumbai dá sílẹ̀ ní ọdún 1904. Búrẹ́dì rírọ̀ tí wọ́n fi bọ́tà sí pẹ̀lú tíì ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Bí ó bá jẹ́ oúnjẹ ẹ̀gbẹ́ títì ni ọkàn yín ń fẹ́, vada pav ni, ẹni tó bá sì mọ àkàrà àti búrẹ́dì kò ní í béèrè àlàyé: pòtétò gígún tí wọ́n po mọ́ aáyù àti ata, tí wọ́n rì sínú ìyẹ̀fun irú ẹ̀wà kan, tí wọ́n sì dín. Ẹ dúró níwájú ẹni tó ń tà á kí ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Yóò la búrẹ́dì sí méjì láì gé e tán, yóò fi ata ewé tútù ra apá kan, yóò fi omi àjàgbọn ra apá kejì, yóò wọ́n aáyù gbígbẹ pupa sí i, kó tó ki vada tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú òróró sáàárín, yóò sì fi ata dídín kan lé e. Ata yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ìdí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ wá ibi tí òróró ti ń hó ni pé oúnjẹ tó gbóná kì í sábà da inú rú, omi ló ń dà á rú. Omi inú ìgò tí ìdérí rẹ̀ kò tíì ṣí ni kí ẹ mu, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ kò fẹ́ yìnyín.

Ẹ má wá ẹran màlúù. Ìpínlẹ̀ Maharashtra tí Mumbai wà ti fi òfin de pípa abo màlúù tipẹ́, wọ́n sì fi akọ kún un ní ọdún 2015, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í jẹ ẹran rárá. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì dà bíi tilé: a kì í fi jẹun, a kì í fi fún ènìyàn ní nǹkan.

Ìrọ̀lẹ́: Gateway of India àti etí òkun

Oòrùn máa ń mú gidigidi láàárín agogo kan sí mẹ́ta, nítorí náà inú mùsíọ́ọ̀mù ńlá tó wà ní Kala Ghoda ni kí ẹ fi àkókò yẹn pamọ́ sí. Ó ti ṣí láti ọdún 1922, owó ìwọlé àjèjì sì ga ju ti ọmọ ìlú lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ gba Colaba Causeway lọ sí Gateway of India, ẹnu ọ̀nà òkúta ńlá tó wà ní èbúté. Ẹ lè ná ọjà dáadáa ní Colaba. Ẹni tó ti ná ọjà rí ní Balógun kò nílò olùkọ́: ẹ má fi hàn pé ẹ fẹ́ ẹ, ẹ pe iye tí kò tó ìdajì, kí ẹ sì rìn lọ díẹ̀.

Ọdún 1911 ni Ọba George Karùn-ún gúnlẹ̀ sí èbúté náà. Ọdún 1913 ni wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ Gateway lélẹ̀ láti fi ṣe ìrántí rẹ̀, ó sì parí ní 1924. Ẹnu ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó kẹ́yìn gbà jáde ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1948, tí ohun tí wọ́n kọ́ fún ìwọlé ọba fi di ọ̀nà ìjáde ìjọba rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń bá àlejò ṣọ̀rẹ́ níbẹ̀. Bí obìnrin kan bá gbé ọmọ dání, tó ní òun kò fẹ́ owó, kí ẹ kàn bá òun ra mílíìkì ọmọ ní ṣọ́ọ̀bù kan, ẹ dúpẹ́ kí ẹ kọjá; ó sábà máa ń jẹ́ pé yóò dá mílíìkì náà padà fún oníṣọ́ọ̀bù, wọn yóò sì pín owó náà. Ẹni tó bá fẹ́ so òwú mọ́ yín lọ́wọ́ láti súre fún yín, owó ni yóò béèrè.

Ó yẹ kí n sọ ti àwọ̀ wa náà. Wọn yóò wò yín, àwọn kan yóò sì bẹ̀ yín pé kí ẹ bá àwọn ya fọ́tò. Ẹ lè gbà, ẹ sì lè kọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Àwọn mìíràn wà tí ojú wọn kò dára bẹ́ẹ̀, tí wọ́n gbọ́ Nàìjíríà tí wọ́n sì rò pé oògùn olóró ni ẹ ń tà. Kò sí ohun tí àlejò ọjọ́ kan lè fi tún èrò wọn ṣe. Ẹ mú ẹ̀dà páásípọ́ọ̀tù àti físà yín dání, kí ẹ sì fi sùúrù dáhùn bí ọlọ́pàá bá béèrè. Bí ẹ bá fẹ́ pe awakọ̀ tàbí ọlọ́jà ọkùnrin, “bhau” bá etí mu, bí ìgbà tí a bá pe ènìyàn ní ẹ̀gbọ́n.

Ẹ wọ takisí dúdú tó ní òrùlé yẹ́lò lọ sí Marine Drive kí oòrùn tó wọ̀, ní nǹkan bí agogo mẹ́fà lóṣù kejìlá, tí yóò sì kọjá agogo méje lóṣù kẹfà. Ẹ rí i pé awakọ̀ tẹ mítà. Rúpí 31 ló ti ń bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2025. Ẹ jókòó sórí ògiri etí òkun pẹ̀lú àwọn ará ìlú, lẹ́yìn náà kí ẹ rìn lọ sí àríwá títí dé Chowpatty, níbi tí wọ́n ti ń ta bhel puri, ìrẹsì yíyan tí wọ́n po mọ́ àlùbọ́sà, tòmátì àti omi àjàgbọn. Lákòókò òjò, láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, ẹ jìnnà sí ògiri náà, nítorí ìgbì òkun a máa gorí rẹ̀. Ẹ má sì fẹsẹ̀ wọ omi tó bá bo títì mọ́lẹ̀, nítorí ẹ kò mọ kòtò tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀: lọ́jọ́ 26 oṣù keje ọdún 2005, mìlímítà òjò 944 ló rọ̀ sí apá kan ìlú náà láàárín wákàtí 24.

Ẹ padà sí ilé ìtura pẹ̀lú takisí, ẹ má wá ọkọ̀ ojú irin ní àsìkò yẹn. Bí ẹ bá ń gbèrò àtilọ wo àwọn ihò òkúta Elephanta lọ́jọ́ kejì, Gateway ni ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ ti ń gbéra láàárọ̀, ó sì ń lo nǹkan bíi wákàtí kan lójú omi. Ibẹ̀ kì í ṣí lọ́jọ́ Ajé. Bí ọ̀la bá bọ́ sí ọjọ́ náà, Crawford Market lẹ́yìn CSMT ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì dé ibẹ̀ kí agogo mẹ́wàá tó lù.